Ẹdun Pupa àti Àwọn Tó Ń Kà Á

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọkọ̀ ojú omi láti Ìgbókọ̀dá lọ sí ìhà Èkó yóò ti pàdé gẹdú lọ́nà. Wọ́n á ti so igi pọ̀ gbọọrọ lójú omi, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta á jókòó lé e lórí, wọ́n á dáná oúnjẹ wọn síbẹ̀, wọ́n á sì máa bá omi lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé Èkó, níbi tí ẹ̀rọ ìlagi ti ń dúró dè wọ́n. Abura kì í wọ́n láàárín irú igi bẹ́ẹ̀. Inú irà ló ti ń hù, ó rọrùn láti là, ó sì ń léfòó, nítorí náà ẹni tó gé e kò wá ọ̀nà mọ́tò kiri. Kó ṣáà ti rí omi tó máa gbé e jáde.

Igi yìí kan náà ni oúnjẹ ẹdun pupa.

Nínú igbó irà Ìpínlẹ̀ Bayelsa, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ìlàjẹ tiwa ní Oǹdó, ẹdun kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú, ìhà rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, inú rẹ̀ sì funfun. Ewé abura, pàápàá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú, wà lára ohun tó ń jẹ jù. Àwọn ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw) tí wọ́n jọ ń gbébẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Epieni ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ọdún 1993 ni onímọ̀ ẹranko kan, Bruce Powell, tó kéde rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì di 1999 kí òun àti Peter Grubb tó kọ àpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀, wọ́n sì fi orúkọ tí àwọn Ìjọ ń pè é yẹn náà sọ ọ́. Gbogbo ilẹ̀ tó ń gbé kò ju nǹkan bí 1,500 kìlómítà níbùú-lóròó lọ. Àwọn tó ń kà á gbà pé èyí tó ṣẹ́kù kò tó 500. Ẹranko tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lánàá ti fẹ́ẹ̀ tán.

Mo mọ̀ pé ẹni tí òkun ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ní Molútẹ̀hìn tàbí Awóyè, létí òkun wa, lè wò mí lójú pé ṣé ọ̀rọ̀ ọ̀bọ ni mo rí sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ba igbó tiwa jẹ́ ló ń ba ti Bayelsa náà jẹ́. Kí àwọn oníṣẹ́ epo tó gbẹ́ ọ̀nà omi láti etí òkun wọ inú àbàtà wa ní àwọn ọdún 1970, omi tó ṣeé mu ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ abúlé wa. Ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ yẹn ni iyọ̀ gbà wọlé. Igi tí kò gba iyọ̀ kú lórí ìdúró, ẹja odò wá ibòmíràn lọ, ilẹ̀ tí gbòǹgbò dì mú sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Etí òkun tiwa kì í kúkú ṣe yanrìn bíi ti Lẹ́kkí. Ẹrẹ̀ ni, láti ìhà Máhìn lọ, ẹrẹ̀ kì í sì í bá òkun jà pẹ́.

Ní Bayelsa, agégẹdú ló ń gbẹ́ ọ̀nà omi tirẹ̀. Ó máa ń la ihò tóóró wọ àárín irà, kí igi tó gé lè léfòó jáde nígbà tí omi bá kún. Igbó tí ẹdun pupa fẹ́ sì rèé, igbó tí omi máa ń dúró sí lọ́dún yípo ni, tí odò ńlá kì í yalé rẹ̀, tí omi òkun kì í sì í dé. Bí wọ́n bá la ọ̀nà kan, omi á máa fà gba ibẹ̀ lọ, àwọn igi tó ti mọ́ lára láti máa dúró nínú omi á máa gbẹ lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ọdẹ máa gbà wọlé lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kékeré àti ìbọn ló máa gbé dání. Gẹdú tó ti ibẹ̀ jáde á gba ọ̀nà omi lọ sí Èkó, ó sì ṣeé ṣe kó kọjá lẹ́yìnkùlé wa. Àwa Ìlàjẹ wà nínú òwò yìí dáadáa, kò sí ìdí láti máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Apọ́ì ni orúkọ odò tí igbó náà yí ká, èyí tí yóò ṣe ẹni tó bá mọ Ìgbòbíni àti àwọn Apọ́ì tó jẹ́ aládùúgbò wa ní Ẹsẹ̀-Odò ní kàyéfì díẹ̀. Ní 2008 ni wọ́n fi igbó Apọ́ì ti Bayelsa, tó ju 29,000 hẹ́kítà lọ, sára àwọn irà tí gbogbo ayé fọwọ́ sí lábẹ́ àdéhùn Ramsar. Ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán nìyẹn, kò lè dá agégẹdú kan dúró. Àwọn tó ń dá a dúró ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí ẹranko yìí fi nílò ẹ̀ṣọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ẹdun pupa kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún ìbọn. Ọ̀bọ yòókù á gbọ́ ẹsẹ̀ ọdẹ, á ti fò lọ. Ẹdun pupa máa ń rìn lọ́wọ̀ọ́ lọ́wọ̀ọ́, ariwo wọn pọ̀, òkè igi ni wọ́n ń jókòó sí, bí èèyàn bá sì dé, wọ́n á máa wò ó. Ewé ló ń jẹ, ikùn rẹ̀ sì ní yàrá yàrá bíi ti ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ, kí ewé náà lè dà. Nítorí náà, ó máa ń jókòó pẹ́ kí oúnjẹ tó wálẹ̀. Ọdẹ kan lè yin mẹ́ta mẹ́rin lórí igi kan ṣoṣo kí àwọn tó kù tó kúrò níbẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni abo rẹ̀ ń bí lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í bí lọ́dọọdún. Kò tún ṣeé sìn. Ẹ̀yà àwọn ẹdun pupa kì í pẹ́ kú nínú àgò, nítorí náà kò sí ibì kankan tí èèyàn ti lè sọ pé òun fi díẹ̀ pamọ́ de ọ̀la. Ní Gánà àti Côte d'Ivoire, ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹdun pupa Miss Waldron. Ní ọdún 2000, John Oates àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn wá a títí, àwọn kò rí i mọ́.

Láyé àtijọ́, èèwọ̀ ló ń ṣọ́ irú ẹranko báyìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òbí ìbejì kì í pa ẹdun, kì í jẹ ẹ́, a sì ń fi ẹdun ki ìbejì nínú oríkì wọn dòní. Ilé tí kò bí ìbejì kò pọ̀ nílẹ̀ wa, nítorí náà ẹdun ní ìbátan níbi gbogbo. Iṣẹ́ ọdẹ náà ní òfin: ibi báyìí igbó òrìṣà ni, oṣù báyìí a kì í yìnbọn. Kò sí ẹni tó ń sanwó fún ẹ̀ṣọ́, torí ìbẹ̀rù ni ẹ̀ṣọ́.

Èèwọ̀ yẹn kò lágbára mọ́, pàápàá létí òkun tiwa. Àwọn ọmọ Kérúbù àti Séráfù tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí òrìṣà ló tẹ Ayétòrò dó ní 1947, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú tó ń jẹ́ Síónì kún etí omi wa. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ìgbàgbọ́ tuntun yẹn tú ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ nínú ìdè, ó kọ́ ilé ìwé, ó tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì wà lókùnkùn. Ohun tí mò ń béèrè ni pé nígbà tí a lé èèwọ̀ lọ, kí la fi sí àyè rẹ̀?

Àwọn ìlú kékeré méjì ní Gánà ti dáhùn ìbéèrè yẹn kí a tó bi í. Boabeng àti Fiema ni orúkọ wọn, ní agbègbè Nkoranza. Ọmọ òrìṣà Daworoh ni wọ́n ka ẹdun àti ọ̀bọ tó wà nínú igbó wọn sí. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á sin ín bí ẹni sin èèyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tó wà ládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ní tiwọn, ẹran ni ẹran, òrìṣà kò sì ní ọmọ. Àwọn àgbà ìlú ì bá ti jókòó máa retí kí Daworoh bínú. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́, wọ́n ní kí wọ́n wá ran àwọn lọ́wọ́, nígbà tó sì di 1975, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ Nkoranza ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ẹranko náà mọ́, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́sìn, ìbáà jẹ́ aláìgbàgbọ́. Òfin náà mú ẹni tí òrìṣà kò lè mú. Ẹdun dúdú òun funfun tó wà níbẹ̀ ti ju 200 lọ lónìí, àlejò sì ń sanwó wọlé láti wò wọ́n. Ohun tó wù mí nínú ìtàn yìí ni pé wọn kò dúró kí èèwọ̀ kú tán. Ó ṣì ní ẹ̀mí díẹ̀ lára nígbà tí wọ́n sọ ọ́ dòfin, ìdí nìyẹn tí òfin náà fi rẹ́sẹ̀ walẹ̀.

Ní Apọ́ì ti Bayelsa, ìlú Gbanraun ni iṣẹ́ dídáàbò bo ẹdun pupa ti fìdí múlẹ̀. Rachel Ikemeh, ọmọ Nàìjíríà tó dá ẹgbẹ́ SW/Niger Delta Forest Project sílẹ̀, ti ń bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe é láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ohun tí a lè rí kọ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, torí pé tí wọ́n bá ti sọ pé "ìlú ń dáàbò bo ẹranko," ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ìpàdé àti fọ́tò ni.

Kíkà ni. Ìdá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, rírìn àti kíkà ni.

Ọdẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá. Ẹni tó ti ń pa ẹranko láti ìgbà èwe rẹ̀ nìkan ló mọ igi tó ń sùn sí, ìgbà tó ń ké, àti bí igbẹ́ rẹ̀ ṣe rí nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ní ìwé ẹ̀rí lè rìn kọjá lábẹ́ ọgbọ̀n ẹdun kó má rí ọ̀kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti tukọ̀ dé ẹnu irà, wọ́n á pa ẹnu mọ́, wọ́n á tẹ́tí sílẹ̀, torí àárọ̀ kùtù ni àwọn ẹdun máa ń dá ara wọn lóhùn. Bí ohùn bá ti ìhà méjì wá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀wọ́ méjì nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, wọn ò gbọ́dọ̀ kánjú kọ méjì sílẹ̀, nítorí ọ̀wọ́ kan náà lè ti gbéra.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rìn. Wọ́n á ti yan ipa ọ̀nà kan tó lọ tààrà nínú igbó, wọ́n á sì máa rìn ín ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìṣísẹ̀ díẹ̀, ìdúró díẹ̀. Nínú irà, orí gbòǹgbò ni wọ́n ń tẹ̀, ẹni tó bá ṣìnà ẹsẹ̀ á wọlé dé itan. Tí wọ́n bá rí ọ̀wọ́ kan, wọ́n á kọ àkókò, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń gba àmì láti ojú ọ̀run mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n á kọ iye tí wọ́n rí, iye abo tó gbé ọmọ mọ́kùn, àti bí ẹranko náà ṣe jìnnà sí ojú ọ̀nà tó. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè ka gbogbo ẹdun inú igbó bí a ṣe ń ka adìẹ ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ bí èyí tí a rí ṣe jìnnà sí wa tó, ìṣirò lè sọ fún wa nípa èyí tó ti jìnnà jù fún ojú láti rí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé ẹdun báyìí báyìí ló wà, tí kò sọ bó ṣe rìn àti ibi tó rìn dé, kò tíì sọ nǹkan kan.

Wọ́n tún ń ka ohun tí kì í ṣe ẹdun: ìró ìbọn, èèpo ọta tó wà nílẹ̀, kùkùté igi tuntun, ihò omi tí kò sí níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, àgọ́ tí agégẹdú ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ní tèmi, ìwé kùkùté ṣe pàtàkì ju ìwé ẹdun lọ. Iye ẹdun kì í yí padà lóṣù kan sí ìkejì, ṣùgbọ́n kùkùté máa sọ ohun tí iye náà máa jẹ́ lọ́dún mẹ́ta sí i. Ìṣòro kan sì wà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa: ipa ọ̀nà tí ẹni tó ń kà gé, ọdẹ lè rìn ín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e ní tóóró, tí wọn kì í jẹ́ kó yọ sí etí odò níbi tí gbogbo ojú ti máa rí i.

Kíkà nìkan kò sì tó. Ìwé tó kún fún iye kò ní dá ẹ̀rọ agégi dúró, àfi kí ìlú jókòó. Nílẹ̀ Ìjọ, ìpàdé tí amananaowei, tó jẹ́ olórí ìlú, kò bá sí níbẹ̀ kò ní ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé tí kò bá sí àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ máa tú ká lọ́jọ́ kejì. Àwọn tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni àwọn obìnrin tó ń yan ẹran ìgbẹ́ tà. Ọwọ́ wọn ni owó òwò náà wà. Àwọn ni wọ́n ń yá ọdẹ lówó ọta. Tí wọn kò bá fohùn sí àdéhùn, ọdẹ tó jẹ gbèsè á padà sínú igbó lóru. Àdéhùn tó máa ń dúró kì í sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ igbó mọ́. Ó máa ń yan apá kan, àárín gbùngbùn ibi tí ẹdun ń bí sí, pé níbẹ̀ yẹn a kò ní gégi, a kò ní yìnbọn, a kò ní gbẹ́ omi. Ìyókù, ká máa fi ìwọ̀n ṣe é.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ òtòṣì nìyí, kó lọ wo Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ni ti ilẹ̀ wọn látilẹ̀. Ní 1876, ọlọ́rọ̀ kan ní Henbury Park, ní Cheshire, tú ọ̀kẹ́rẹ́ eérú tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà sínú ọgbà rẹ̀, nítorí pé ó dára láti wò. Ti eérú ti lé ní mílíọ̀nù méjì báyìí, nígbà tí ti pupa kò ju nǹkan bí 287,000 lọ, Scotland ni púpọ̀ nínú wọn sì wà. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni àlejò náà fi gba ilẹ̀. Ó gbé àrùn kan wá tó jọ ìgbóná. Kì í pa òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pa pupa láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Formby, létí òkun àríwá ìwọ̀-oòrùn wọn, àrùn yìí pa ohun tó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ ní 2008.

Ta ló ń jà fún ọ̀kẹ́rẹ́ pupa? Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pọ̀ nínú wọn, àwọn olùkọ́, àgbẹ̀, àwọn ìyá àgbà tó ń mú ajá rìn. Wọ́n á gbé àpótí oúnjẹ kọ́ sára igi, wọ́n á lẹ nǹkan alátè mọ́ ẹnu rẹ̀; ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá wọlé á fi irun díẹ̀ sílẹ̀, irun náà á sì sọ bóyá pupa ni tàbí eérú. Wọ́n á dẹ pańpẹ́ fún ti eérú, wọ́n á sì pa á, iṣẹ́ tí inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dùn sí. Ní erékùṣù Anglesey, ní Wales, nǹkan bí 40 ọ̀kẹ́rẹ́ pupa ló kù ní 1998. Wọ́n lé àlejò náà títí kò fi sí ọ̀kan mọ́ ní 2013, pupa sì ti lé ní 700 níbẹ̀ lónìí. Wọn kò sì tíì sinmi, torí afárá wà láàárín erékùṣù náà àti ilẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ eérú sì mọ afárá rìn.

Èmi ò ní fi wọ́n wé Gbanraun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀tá tiwọn kò ní ọmọ nílé ìwé. Ọkùnrin tó ń gé abura ní Apọ́ì ní, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ igbó. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ní Wales ní owó ìfẹ̀yìntì tó ń jẹ. Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ní etí omi tiwa gbọ́dọ̀ padà sídìí àwọ̀n rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọjọ́ tó fi ka ẹdun, kò pẹja lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ tó mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe fi ń fún wọn ní owó oúnjẹ, bàtà irà àti epo ọkọ̀, bí wọn kò tilẹ̀ lè san owó oṣù. Ẹni tó bá ní kí wọ́n máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìfẹ́ ìlú, òun fúnra rẹ̀ máa ń gba owó oṣù níbì kan.

Ó ṣeé ṣe nílẹ̀ wa. Ẹgbẹ́ Ikemeh kan náà ń ṣọ́ ìnàkí ní igbó Ìdànrè níhìn-ín ní Oǹdó àti ní igbó Ìṣẹ̀ ní Èkìtì; iṣẹ́ ìnàkí yẹn ni Whitley Fund for Nature ní Gẹ̀ẹ́sì tìtorí rẹ̀ fún un lẹ́bùn ní 2020. Àwọn ọmọ ìlú tó yí igbó ká wà lára ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn ín.

Ní Molútẹ̀hìn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní rí ẹdun pupa kà. Ó lè ka ọ̀bọ tó ṣẹ́kù nínú igbó ògùrọ̀ lẹ́yìn wa. Ó lè ka igi tó kú lórí ìdúró, kó fi ọ̀pá sàmì sí ibi tí omi iyọ̀ dé lọ́dún yìí. Ọkọ̀ kan, ìwé kan, ọdẹ àgbà kan àti ọ̀dọ́ mélòó kan tó mọ̀wé ti tó. Iye tí wọ́n bá kọ lọ́dún àkọ́kọ́ kò ní sọ nǹkan kan, torí kò sí èyí tí wọ́n máa fi wé. Ọdún kejì àti ìkẹta ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá rin ọ̀nà kan náà, lóṣù kan náà. Nítorí náà, kí wọ́n tó ra ìwé, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ọ̀dọ́ tí kò ní kó lọ sí Èkó kí ọdún tó yí po.